Èsì lórí greenway: ìdí tí mo fi dúró ti “igbó-ilé”

Ẹ̀yin àgbà èdè, ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Fún àwọn tí kò bá wa níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí: àbúrò wa kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ìlú ló béèrè lórí àtẹ ìjíròrò èdè wa yìí ohun tí a lè máa pe greenway, ìyẹn ilẹ̀ gbọọrọ onígi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà láàárín ìlú, ní Yorùbá. Ó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwa ará Ẹ̀pẹ́, lórí ìwádìí tí wọ́n ń ṣe káàkiri àgbáyé nípa àǹfààní tí irú ibẹ̀ ń ṣe fún àwùjọ, fún ìlera àti fún àwọn ohun abẹ̀mí. Ẹ̀gbọ́n wa láti Àgbádárìgì ní ká pè é ní “ọ̀nà aláwọ̀ ewé”. Ìyá wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ mú “ọ̀nà ìbòòji” wá. Ẹnìkan láti Ìkòròdú ní “ọ̀nà ìgbafẹ́” ti tó, pé ká má da ara wa láàmú. Èmi dábàá “igbó-ilé”, ẹ sì bi mí pé níbo ni mo ti rí i, àti pé ta ni yóò gbọ́ “igbó” tí kò ní sá. Ìbéèrè gidi ni, mo sì fẹ́ dáhùn rẹ̀ dáadáa.

Ohun tí à ń sọ lórúkọ ni kó kọ́kọ́ yé wa, nítorí àpẹẹrẹ tí àwọn kan mú wá jọ títì tí wọ́n gbin òdòdó sí àárín rẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni greenway. Ilẹ̀ gbọọrọ ni, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún igi, koríko àti omi láàárín ìlú. Ó lè gba ẹ̀bá odò lọ, ó lè gba ojú irin àtijọ́. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ń gba inú rẹ̀ láti àdúgbò kan dé òmíràn láìbá mọ́tò pàdé. Ẹyẹ, ọ̀kẹ́rẹ́, oyin àti labalábá náà ń gba ibẹ̀, nítorí igi kan so mọ́ èkejì, ẹranko kò ní láti sọdá títì kó tó rí oúnjẹ. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo: èèyàn ń kọjá, omi ń wọlẹ̀, ohun abẹ̀mí ń gbé.

Èyí tí àwọn olùwádìí sábà máa ń tọ́ka sí wà ní Belfast, ní Northern Ireland. Connswater Community Greenway ni wọ́n ń pè é. Kìlómítà 9 ni, ó tẹ̀lé àwọn odò tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú náà, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2017. Bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà ni wọ́n ń tún ojú odò ṣe kí omi má baà máa ya wọ ilé àwọn èèyàn mọ́. Àwọn olùwádìí Queen's University ìlú náà ti lọ bá àwọn ará àdúgbò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún padà lọ bá wọn lẹ́yìn tó parí. Wọ́n bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń rìn sí, bí ọkàn wọn ṣe rí, àti bí wọ́n ṣe fọkàn tán àwọn aládùúgbò wọn sí. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ìwádìí lórí igi àti ọ̀nà ni, síbẹ̀ wọ́n ń béèrè nípa ìfọkàntán láàárín aládùúgbò. Ẹ sì wo orúkọ rẹ̀: àwọn tó ni ín ti fi “Community”, ìyẹn àwùjọ, sínú orúkọ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé.

Mo wá sórí “ọ̀nà aláwọ̀ ewé”. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀dà, aṣọ àti ọkọ̀ ni à ń fi àwọ̀ ewé júwe. Tí mo bá sọ fún ọlọ́kadà kan ní Ayétòrò pé kó gbé mi lọ sí ọ̀nà aláwọ̀ ewé, ibi tí wọ́n kùn ni yóò máa wá. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ kí àwọ̀ yìí dúró fún gbogbo ohun tó jẹ mọ́ igi àti àyíká. Èdè wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Tí igi bá ṣe dáadáa lójú Yorùbá, a ní ewé rẹ̀ dú, a ní ó tutù yọ̀yọ̀. “Igbó dúdú” ni à ń pe igbó tó kún, kì í ṣe igbó aláwọ̀ ewé. Ewé tútù, ilẹ̀ tútù, ọkàn tútù: ọ̀rọ̀ kan náà ló ń gba ara ewé dé ara èèyàn. Mo ti rò ó pé bóyá “ọ̀nà tútù” lè ṣiṣẹ́, nítorí ó kó ìlera mọ́ igi lọ́nà tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbà kó o, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òjò rọ̀ sí ni gbogbo èèyàn yóò gbọ́. Mo fi í sílẹ̀ tìrora-tìrora.

“Ọ̀nà ìbòòji” sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá wa. Ẹni tó bá ti rìn láti Pópó Ọba dé Ayétòrò ní ọ̀sán gangan mọ̀ pé ìbòòji ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ara ń béèrè. Igi kì í kàn dí oòrùn lọ́wọ́. Ó ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó ń tú u jáde láti ojú ewé bí oru omi tí kò ṣeé rí, ìyẹn náà sì ń mú kí afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ tutù. Ní Seoul, wọ́n wó títì tí wọ́n gbé sókè bí afárá, tí wọ́n ti kọ́ bo odò Cheonggyecheon mọ́lẹ̀, odò náà sì tún fojú hàn ní 2005. Nígbà ooru, ẹ̀bá odò yẹn máa ń tutù ju àwọn òpópó tó wà nítòsí lọ. Ìyẹn lohun tí màmá wa ń sọ, òótọ́ sì ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí wọn yóò ṣe kọ ọ́. Pátákó ojú ọ̀nà wa kì í ní àmì ohùn. “Ona iboji” ni wọn yóò kọ síbẹ̀, ibojì òkú sì ni ẹni tó bá kà á yóò kà. Ìyá tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé kò ní gba ibẹ̀. A lè máa jà pé kí ìjọba kọ àmì ohùn sí pátákó, mo wà nínú ìjà yẹn látọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìwé àbúrò wa kò lè dúró dè é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbòòji kò sọ̀rọ̀ omi, kò sì sọ̀rọ̀ ẹyẹ. Igi fúrúùtù kan ṣoṣo tí oníṣẹ́ táyà jókòó sábẹ́ rẹ̀ ní ìbòòji. Kò tíì di greenway.

Èyí tó kù ni “ọ̀nà ìgbafẹ́”. Ó dùn-ún gbọ́, ó rọrùn láti lóye, mo sì mọ̀ pé òun ni yóò borí tí a kò bá ṣọ́ra, nítorí gbogbo wa ti mọ “ọgbà ìgbafẹ́”. Ohun tí mo ní sí i ni pé ìgbafẹ́ jẹ́ ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Lekki Conservation Centre tó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ibi ìgbafẹ́ lóòótọ́: hẹ́kítà ilẹ̀ 78, ọ̀bọ wà níbẹ̀, afárá tí wọ́n so sókè láàárín igi wà níbẹ̀, àwọn tó dá a sílẹ̀ sì ṣe ilẹ̀ Èkó lóore ńlá. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wà, owó ìwọlé wà, ìrìn-àjò ni ẹni tó ń lọ síbẹ̀ ń lọ. Greenway wà fún obìnrin tó ń gbé ẹja lọ sí ọjà Olúwo láàárọ̀ kùtùkùtù, fún ọmọ iléèwé, fún bàbá tí dókítà ní kó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara ṣiṣẹ́, ìrìn kánmọ́kánmọ́ sì wà lára rẹ̀. Níbo ni bàbá yẹn yóò ti rìn ín ní Ẹ̀pẹ́? Ẹ̀bá títì Ìtóìkín ni, níbi tí típà àti tírélà ti ń fẹ́ eruku sí i lójú. Ẹni tó bá lè rin ìrìn yẹn bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, lábẹ́ igi, kò nílò àsìkò ìgbafẹ́ kankan kó tó rí ìlera. Ibẹ̀ gan-an ni agbára greenway wà, “ìgbafẹ́” sì fi í pamọ́.

Ó yá, “igbó-ilé”.

N kò hùmọ̀ rẹ̀. Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn ìran Yorùbá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, dárúkọ igbó ilé níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa odi ìlú. Igbó tí ìlú dá sí nítòsí odi ni, èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gé igi inú rẹ̀, nítorí ààbò ìlú ni. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ̀ wò. Igbó ni, nítorí igi àti ẹran ń gbé inú rẹ̀. Ti ilé ni, nítorí ìlú ló ni ín, ìlú ló fohùn ṣọ̀kan pé a kò ní gé e. “Ilé” tó wà níbí kì í ṣe ilé bíríkì. Òun ni ilé tí a ní lọ́kàn tí a bá ní “ẹ kú ilé”, tàbí tí ẹni tó wà ní ìdálẹ̀ bá ní òun ń lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tó kó igi, àwùjọ àti òfin pọ̀ sínú sílébù mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ wa kí greenway tó dé inú ìwé Òyìnbó kankan. Mo gbà pé àwọn tó ń lò ó lónìí kò pọ̀ mọ́. Ìyẹn kò sọ ọ́ di òkú. À ń jí ọ̀rọ̀ tó ti sùn dìde lójoojúmọ́ lórí àtẹ wa yìí.

Fún àwa ará Ẹ̀pẹ́, àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nílẹ̀ tí a lè fojú rí. Erédò Sùngbọ́, tí ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè Erédò fi ń jẹ́ orúkọ, jẹ́ yàrà àti odi amọ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún nǹkan bíi kìlómítà 160. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20. Nàìjíríà ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé láti 1995. Àwọn akọ̀tàn ń jiyàn lórí ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ìdí tó fi gbẹ́ ẹ, n kò ní bá wọn dá sí i níbí. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa ni bí ibẹ̀ ṣe rí báyìí. Ẹ̀gbẹ́ yàrà náà dúró gágá, kò ṣe é dáko, nítorí náà igi àti ìtàkùn ti gbà á. Ilẹ̀ inú rẹ̀ tutù, ewé bo orí rẹ̀, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn. Oko àti ilé lè wà lápá òkè, síbẹ̀ igbó gbọọrọ kan ń bá a lọ láàárín wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwọn onímọ̀ ètò ìlú ń náwó lé lórí ní Belfast bí kò ṣe irú èyí? Ibi tí títì ti gé e kọjá, tàbí tí wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ, ìtẹ̀síwájú igbó náà já níbẹ̀, ẹranko kò sì rí ọ̀nà gbà mọ́. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí a bá sọ fún pé greenway dà bí igbó inú yàrà Erédò, tí wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí, kò nílò àlàyé kejì.

Ìlú Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ tún nílò rẹ̀ ju àwọn ibòmíràn ní Èkó lọ nítorí bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ó ga láwọn ibì kan, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sọ́dọ̀ ọ̀sà. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè ń gbé iyẹ̀pẹ̀ pupa lọ sínú omi tí àwọn apẹja ń jẹ níbẹ̀. Gbòǹgbò igi ló ń di ilẹ̀ mú, ilẹ̀ tí kò sí kankéré lórí rẹ̀ ló ń mu omi. Igbó-ilé kan tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè dé etí ọ̀sà yóò ṣe iṣẹ́ tí gọ́tà nìkan kò lè ṣe.

Nísinsìnyí, ẹ̀sùn tí ẹ kà sí “igbó” lọ́rùn.

Ẹnìkan ní igbó tí wọ́n ń mu ni àwọn ọ̀dọ́ yóò gbọ́. Mo bi í pé: ta ló ń gbọ́ ìyẹn nínú “igbó Ọ̀ṣun”? Hẹ́kítà ilẹ̀ 75 ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, tọmọdé tàgbà ń dárúkọ rẹ̀ láìsí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé igbó ló ń sọ irú igbó tó jẹ́. “Ilé” sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa.

Ìyá wa olùkọ́ ní obìnrin yóò rántí igbó Orò, wọn yóò sì bẹ̀rù. Èyí wúwo jù, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní agbègbè wa, àwọn ibì kan wà tí obìnrin kì í wọ̀, ẹ̀rù ajínigbé náà sì ti wá kún un. Ọ̀rọ̀ náà gba pé kí ìwé yẹn sọ ọ́ kedere pé ibi tí gbogbo èèyàn ń gbà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká pín in sí méjì: “igbó-ilé” fún ilẹ̀ náà lápapọ̀, “ọ̀nà igbó-ilé” fún ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà nínú rẹ̀. “Ọ̀nà” ń sọ pé ẹnikẹ́ni lè kọjá. Ẹ̀rù náà kò sì ní tipa orúkọ nìkan lọ. Ibi tí kò bá sí iná, tí igi kékeré dí ojú, tí a kò rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, obìnrin kò ní gbà á kódà ká pè é ní ọ̀nà àlàáfíà. Kí àbúrò wa fi ìpínrọ̀ kan kún ìwé rẹ̀ lórí iná, ojú ọ̀nà tí igi kò dí àti àwọn ọlọ́jà etí ọ̀nà, nítorí níbi tí èèyàn bá ti ń tajà, èèyàn ń ṣọ́ ibẹ̀ láìgba owó oṣù.

Ẹ̀sùn kẹta ni pé ogun ló bí igbó ilé, ogun sì ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni. Ààbò ni wọ́n torí rẹ̀ dá a sí, ààbò náà la ṣì ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀: lọ́wọ́ ooru, lọ́wọ́ omíyalé, lọ́wọ́ eruku tírélà. N kò rí ibi tí ìtumọ̀ ti yà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní New York, wọ́n sọ ojú irin àtijọ́ kan tó wà lókè di High Line, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ṣí ní 2009. Gbogbo ayé lọ wò ó. Owó ilé àdúgbò náà gòkè débi pé àwọn tálákà tó ti ń gbé ibẹ̀ kò rọ́wọ́ mú mọ́. Ní tiwa, ilé ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tí wọ́n ṣe láti máa fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́, àti èbúté ńlá Lẹ́kí ti jẹ́ kí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ máa gbówó lórí lójoojúmọ́. Tí a bá gbé “ọ̀nà ìgbafẹ́” síta, àwọn tó ń ta ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí pátákó wọn, yóò sì di ohun tí wọ́n fi ń fa àwọn olówó mọ́ra sínú ọgbà tí wọ́n mọ odi sí. Ẹni tó bá pe ibì kan ní igbó-ilé ti jẹ́rìí lẹ́nu ara rẹ̀ pé ìlú ló ni ín. Kò lè tún yí padà kó gé e sí púlọ́ọ̀tì tí àwọn ará ìlú kò ní bi í pé igbó ta ni ó ń tà. Mo mọ̀ pé orúkọ nìkan kì í dá ọmọ onílẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wa fún un ní orúkọ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti fi tajà.

Mo ti gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ìwé àbúrò wa, kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń ró:

“Igbó-ilé ni ilẹ̀ gbọọrọ tí ìlú fohùn ṣọ̀kan láti fi sílẹ̀ fún igi àti omi, tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sì la inú rẹ̀ já láti àdúgbò dé àdúgbò. Àwọn olùwádìí fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń gbé nítòsí ọ̀nà igbó-ilé ń rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá ọkàn wọn balẹ̀ sí i, bóyá wọ́n túbọ̀ ń bá aládùúgbò wọn ṣe, àti irú ẹyẹ àti kòkòrò tó ti padà síbẹ̀. Wọ́n ń béèrè kí ẹnikẹ́ni tó gbin igi, wọ́n sì ń padà wá béèrè lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan.”

Ẹ kà á sókè fún ẹni tí kò sí lórí àtẹ yìí, kí ẹ sì sọ ohun tó gbọ́ fún wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì rí ojútùú sí. Ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa ibi tí ẹranko ń gbà láti igbó kan sí òmíràn láìjáde síta. Mo kọ “ipa ẹran” síbẹ̀ bí àwọn ọdẹ ṣe ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ewúrẹ́ àti àgùntàn ni ará ìgboro yóò rò, kò sì kó ẹyẹ mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọdẹ nílé, ní Ọ̀dọ̀rágunṣìn, ní Pọ́ka, ní Ejìnrìn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi bi wọ́n ohun tí wọ́n ń pè é kí ìwé tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.